Bí Fùjẹ́ẹ̀ Ṣe Ń Bímọ Láìní Irúgbìn

Ẹ yẹ ara ọ̀pẹ àgbà wò lẹ́yìn odi Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti gé imọ̀ kúrò. Ewé gígùn kan máa ń hù níbẹ̀, tó ní ewé wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Fùjẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kì í yọ òdòdó, kì í so èso. Bí ẹ bá yí ewé rẹ̀ padà, ẹ ó rí àmì róbótó-róbótó tó tò lẹ́bàá etí rẹ̀. Àwọn kan rò pé kòkòrò ni, wọ́n á fín oògùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀: ibẹ̀ ni ọmọ wà. Àpò kéékèèké ló pọ̀ nínú àmì kọ̀ọ̀kan, hóró lẹ́búlẹ́bú 64, èyí tí a ó gbìn, ló sì sábà máa ń wà nínú àpò kan. Bí àpò bá gbẹ, á ta padà lójijì, á sọ wọ́n sínú atẹ́gùn.

Ewé tí àmì rẹ̀ ti pọ́n bí aáṣáà ni kí ẹ gé. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ kò tíì gbó. Èyí tó ti ya wúruwùru, tirẹ̀ ti fò lọ. Ẹ fi pépà funfun wé e, ẹ gbé e síbi gbígbẹ fún ọjọ́ 2 sí 3. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé etí pépà náà sókè díẹ̀: pàǹtírí á yọ̀ lọ, lẹ́búlẹ́bú gidi á lẹ̀ mọ́ pépà.

Ẹ po ilẹ̀ dúdú tí ẹ ti jọ̀, agolo 2, mọ́ yanrìn agolo 1, sínú abọ́ tí ẹ lu nídìí. Ẹ da omi tó ń hó lé e, ẹ bò ó títí á fi tutù. Bí ẹ bá fo èyí, ohun tútù yíyọ̀ tó máa ń hù lára ìkòkò omi á gba gbogbo ojú ilẹ̀ náà. Ẹ wá fi ìka lu pépà náà sórí rẹ̀, kó fọ́nká. Ẹ má bu ilẹ̀ bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ẹ fi ọ̀rá tí ojú ń ríran gbà bò ó, kó wà níbòòji tó mọ́lẹ̀. Omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù ni kó máa fi ìdí mu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, ojú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé tútù. Ohun pẹlẹbẹ tí kò tó èékánná ọmọ-ìka á wá yọ, orí rẹ̀ á là sí méjì. Fùjẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn o, ibi tí akọ àti abo ti ń pàdé ni. Abẹ́ rẹ̀ ni àtọ̀ àti ẹyin wà, àtọ̀ náà sì ní láti lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Nítorí náà, ẹ máa wọ́n omi wínníwínní sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ lè dúró fún ọdún kan, ẹ ò ní rí ọmọ.

Bí ẹ bá gbìn ín nípọn jù, nínú ọ̀pọ̀ irú fùjẹ́ẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ dàgbà á tú ohun kan jáde tó ń sọ àwọn kékeré di akọ. Akọ á pọ̀, abo á wọ́n.

Ẹni tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó gbìn ín ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ewé fùjẹ́ẹ̀ gidi ti yọ kí ọyẹ́ tó dé. Bí ewé náà bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ wú u pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ní ìdì kéékèèké. Ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ 2 ká ọ̀rá kúrò díẹ̀díẹ̀.