Ọkọ̀ ń rùn bí ohun tó ń jóná: kí ló ń jó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èrò àti iṣu ni mo ń fi ọkọ̀ mi kó láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, bí mo bá ti ń sún mọ́ Pọ́bẹ̀, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi pé ó ń jó. Bí mo bá dúró sinmi, òórùn náà á lọ. Mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, èkejì ní kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ká tó pààrọ̀ jíà, ni. Owó ti lọ, òórùn ò lọ.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì ra nǹkan kan mọ́. Imú rẹ ni kó o kọ́kọ́ lò, torí òórùn kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ máa ń rùn bíi rọ́bà, ó sì sábà máa ń han fíìì bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan láàárọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì máa ń rùn bí ìwé tó ń jó, pàápàá bí ẹrù bá pọ̀ tó o sì ń gun òkè, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ kì í kúrò lórí rẹ̀. Tìrẹ, ó dìgbà tó o bá ti rìn jìnnà kó tó dé, bí ọkọ̀ bá sì tutù, ó lọ. Bíréèkì tó di taya mú tí kò fi sílẹ̀ ni mo fura sí.

Wà á dé ibi tí òórùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, dúró síbi tó tẹ́jú, kó o bọ́ sílẹ̀. Na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan, má fọwọ́ kàn án o. Fi tọ̀tún wé tòsì. Tiwájú máa ń gbóná ju tẹ̀yìn lọ, ìyẹn ò burú. Èyí tí ooru rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti èkejì rẹ̀ ni kó o mú. Má da omi tútù lé e, dísìkì, irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń fún mú, lè tẹ̀ tàbí kó sán.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é. Taya iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ ò ṣeé gbé sún mọ́ ọn, eruku dúdú sì bo ríìmù rẹ̀ ju tòsì lọ.

Ìdáhùn: A ti mú un nìyẹn. Fi òkúta dí àwọn taya ẹ̀yìn, gbé iwájú sókè lórí jákì, kó o fi irin tó dúró ṣinṣin ti abẹ́ rẹ̀. Fọwọ́ yí taya náà. Bó bá le, kí mẹkáníìkì rẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kàlípà, irin tó ń fún dísìkì mú, díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n á kàn máa pààrọ̀ gbogbo nǹkan. Bí omi bíréèkì bá ta jáde tí taya sì yí fàlàlà, páìpù rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì wá sí kàlípà ni kó o kọ́kọ́ wò: inú rẹ̀ lè ti wú, kó máa jẹ́ kí omi wọlé, kó má jẹ́ kó padà. Bí taya ò bá yí síbẹ̀, kàlípà gan-an ló ti dì.

Wo irin méjì tí kàlípà ń yọ̀ lé. Rọ́bà tó bò wọ́n máa ń ya, eruku àti omi á wọlé, ìpẹtà á mú wọn. Mo tú irú ẹ̀ lóṣù tó kọjá: irin náà pupa bí ilẹ̀ Kétu, òòlù ni mo fi lé e jáde. Fọ̀ ọ́ mọ́, kó o fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa á. Gíríìsì lásán máa ń wú rọ́bà, bẹ́ẹ̀ náà ni epo ẹ́ńjìnnì tí àwọn kan ń bù síbi omi bíréèkì. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é láé. Páàdì, ohun tí kàlípà ń tì mọ́ dísìkì, tọ̀tún tòsì ni kó o jọ pààrọ̀.

Má gbé èrò títí wàá fi ṣe é. Bí ooru yẹn bá pọ̀, omi bíréèkì á hó, ẹsẹ̀ rẹ á sì rì kanlẹ̀ lọ́jọ́ tó o nílò bíréèkì jù.

Ìbéèrè (ẹlòmíì): Tèmi, epo ló ń rùn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì ni.

Ìdáhùn: Ìyá mi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó dà sílẹ̀ ló ń jó lórí irin gbígbóná. Á tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí epo kó má jò, tó wà lábẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì máa wọn epo láràárọ̀.

Ìbéèrè (ẹlòmíì): Bí mo bá tan iná ọkọ̀ lálẹ́, ó ń rùn bíi láílọ́ọ̀nù tó ń jó.

Ìdáhùn: Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Pa ọkọ̀, kó o yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò lónìí. Lẹ́yìn náà, ṣí ibi fíúùsì. Ẹlòmíì á rí i pé fíúùsì tí wọ́n kọ 15 sí lára, tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ń jó léraléra, á wá fi 30 aláwọ̀ ewé síbẹ̀. Fíúùsì ò ní jó mọ́ lóòótọ́, wáyà ló máa jó. Dá iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ padà, kí oníwáyà wá ibi tí wáyà ti bó tàbí tí wọ́n so rédíò mọ́ ọn.

Bó bá sì jẹ́ òórùn kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, fúnra rẹ̀, yálà nínú kẹ́ẹ̀gì tó wà ní búùtù ni o, tàbí ní páìpù abẹ́ ọkọ̀, ẹ kó gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣáná, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jìnnà sí i kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.