Bí a ṣe tún ògiri ilé bàbá wa ṣe ní Ìtòkò, l'Abẹ́òkúta, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Donegal, ní Ireland. Ilé tó ń fọ́ ni ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu wọn níbẹ̀, torí míkà àti páíráìtì, àwọn èròjà inú òkúta, tó wà nínú búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní míkà máa ń fa omi mu. Tí òtútù bá sọ omi yẹn di yìnyín, búlọ́ọ̀kù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìjọba wọn ṣe òfin ní 2022 láti san owó àtúnṣe, tó lè tó 420,000 yúrò lórí ilé kan, wọ́n sì ti fi kún un lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ògiri ilé bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, àwọn ni mo pè. Mo bi wọ́n bóyá irú owó bẹ́ẹ̀ lè kàn wá ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n wá ṣàlàyé pé lọ́hùn-ún, injinníà á kọ́kọ́ wo bí ilé ṣe bàjẹ́ tó, wọ́n á gé búlọ́ọ̀kù lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá gbogbo ilé ni wọ́n máa wó tàbí ògiri ìta nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú lò, torí bíríkìlà tí a kọ́kọ́ pè ti ní ká wó gbogbo ẹ̀. (Ṣé ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ ló máa ní kí iṣẹ́ kéré?)

Mo fi ìṣó họ ògiri láti yàrá dé yàrá. Níbi tí kò dáa, yanrìn ń dà sílẹ̀ bí gàrí. Níbòmíì, ìṣó ò wọlé rárá. Mo fàmì sí ojú ibi tó ti là, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì ya fọ́tò, ká lè mọ̀ bóyá ó ń fẹ̀ sí i. Injinníà tí a pè wò ó, ó ní ìpìlẹ̀ àti òpó kò ní wàhálà, apá ibi tí òjò ń gbá nìkan ló ti jẹra. Míkà kọ́ ló kó bá tiwa. Ẹni tó ṣe búlọ́ọ̀kù ló ṣahun sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ Ewékorò tí wọ́n ti ń ṣe é kò jìnnà sí wa!

Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára tó ní Nàìjíríà, ti ní sìmẹ́ǹtì 32.5 kò gbọ́dọ̀ kọjá rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí a fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe lágbára tó, ara àpò ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo ń wo ara àpò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó já a. Inú ọgbà wa ni wọ́n ti ṣe búlọ́ọ̀kù, mo gbé àga tì wọ́n. Nínú àpò kan, a ò jẹ́ kó kọjá ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù onínáìnì íǹṣì. Ẹni tó ń ṣe é fajú ro, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó yín lẹ ń dà nù yìí o.” Mo ní kó máa dà á nù lọ. Wọ́n ń fomi wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Wọ́n fi pákó àti ọparun gbé òrùlé ró, wọ́n ń wó ògiri lápá kan, wọ́n á kọ́ ọ tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì. Mo yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀gbọ́n mi fi díẹ̀ ránṣẹ́. Àbúrò wa ní òun ò lówó, àmọ́ òun ló ra pákó. A fa páànù gùn sí i lápá ibẹ̀ kí òjò má bàa máa gbá ògiri mọ́. Yàrá ìyá wa la ṣe kẹ́yìn, torí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní kúrò, àfìgbà tí a gbé bẹ́ẹ̀dì wọn lọ sí pálọ̀.