Owó lẹ́sìn lọ, àkàyé ò yé ọmọ

₦15,000 lóṣù ni mo ń san fún tíṣà lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń sanwó fún, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè ṣe dáadáa nínú Yorùbá WAEC. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa àkàyé kò ju pé kó wo ìbéèrè, kó wá gbólóhùn tó jọ ọ́ nínú àyọkà, kó dà á kọ. Inú bí mi. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi ni màá kọ́ ọ.

Ìwé kíkà kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó fi àáké kọ́rí, ó kọ̀ jálẹ̀ ni. Ọnà èdè bí àfiwé tààrà, ìfohunpènìyàn, ó ti há gbogbo ẹ̀ sórí. Wàhálà wà níbi ohun tí òǹkọ̀wé kò là sílẹ̀.

Mo kọ àyọkà kékeré kan fún un. Ìyàwó tuntun sùn di aago mẹ́sàn-án, ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀, ó ní: "Ẹ káàárọ̀ o, màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ariwo ìgbálẹ̀ mi dí yín lọ́wọ́ o." Mo bi í pé ojú wo ni ìyá yìí fi ń wo ìyàwó. Ó kọ ọ́ pé: "Ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ń ṣìkẹ́ rẹ̀."

Ṣìkẹ́ kẹ̀! Mo ní kó tún un kà. Ìdáhùn kan náà. "Ṣebí ó pè é ní màmá, Àǹtí? Ṣebí 'ẹ' ló ń lò fún un?" Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ni, bí ìyá rẹ̀ bá ní "Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá wa" nígbà tó bá tẹjú mọ́ fóònù, kíá ló máa dìde lọ fọ abọ́. Ohun tó ń gbọ́ nílé, kò gbọ́ ọ nínú ìwé, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun tó wà lójú ìwé nìkan ni kó mú.

Mo ní kó pa ìwé dé, kó mú ìgbálẹ̀ dání, kó sọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ bí ẹni tó ti ń gbálẹ̀ láti ìdájí. Kò sọ ọ́ dé ìdajì tó fi bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ó ń bú u ni!" Mo ní, ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá wí, kí ló ti ṣẹlẹ̀ kó tó lanu? Ìyá ọkọ wo ló ń pe ìyàwó ilé ní "ẹ"? Ọ̀wọ̀ tí kò yẹ níbẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó yẹ kó kọ. Kí n má purọ́, orí mi wú.

Ìyókù rọrùn. A ka ìwé ìròyìn Aláròyé, a ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. "Èmi" tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, akọ̀wé ni. Kò pẹ́ tí "èmi" fi di Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ń ròyìn ara rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Àǹtí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti yí padà o." Àkọtọ́ àtijọ́ nìkan ló dà á láàmú: aiye, nwọn, enia. Bí ẹ̀dà tẹ́ ẹ ní bá ti wà ṣáájú àkọtọ́ 1974, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá máa sanwó lẹ́sìn ṣáá, ẹ ní kí tíṣà fi ìdáhùn àkàyé kan tó ti máàkì hàn yín. Bó bá jẹ́ àdàkọ ló kún ibẹ̀, tó sì gbà á wọlé, ẹ di owó yín mú. Mo béèrè owó oṣù tó kẹ́yìn padà. Wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà.