Bí mo ṣe kó mod ńláńlá sínú Skyrim lórí kọ̀ǹpútà tí ò lágbára

Ẹ jẹ́ n ti sọ bí kọ̀ǹpútà mi ṣe rí ná: RAM GB 8, VRAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì orí káàdì àwòrán, ò ju GB 2 lọ, skírìnì 1080p. Síbẹ̀ mo fẹ́ mod, ìyẹn àfikún táwọn èèyàn ń ṣe láti fi yí géèmù Skyrim padà: mod òkè, mod igi, mod aṣọ, mod ìlú, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹ̀dà Skyrim tó ń jẹ́ Special Edition, tó jáde ní 2016, ni mo lò, torí 64-bit ni, ti 2011 yẹn 32-bit ni, kò lè lò kọjá GB 4 bó ti wù kí RAM yín pọ̀ tó.

Mi ò da mod kankan sínú fódà Data géèmù o. Mod Organizer 2 ni mo fi ṣe é, òun máa ń fi mod kọ̀ọ̀kan sí fódà tiẹ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá wá tipasẹ̀ ẹ̀ ṣí géèmù, géèmù á rò pé inú Data ni gbogbo wọn wà, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkankan níbẹ̀. Tí mod kan bá ń dà mí láàmú mo kàn máa yọ máàkì iwájú ẹ̀ ni, ó parí. Orí SSD ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye mod ló ń jẹ́ kí géèmù máa háńgì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mod kékeré tó kàn yí iye tí wọ́n ń ta idà padà, ẹ kó ọgọ́rùn-ún ẹ̀ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Texture, àwòrán tí wọ́n fi ń bo ojú nǹkan inú géèmù, ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Texture 4K kan jẹ́ pixel 4096 lọ́nà 4096, tí wọ́n bá fi BC7 fún un pọ̀, byte kan ni pixel kọ̀ọ̀kan ń gbà, MB 16 nìyẹn, ẹ wá fi mipmap kún un, àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí géèmù ń lò fún nǹkan tó wà lókèèrè, ó ti di bíi MB 21. 2K jẹ́ MB 5 àti díẹ̀, 1K ò tó MB 1 ààbọ̀. Ẹ rí i báyìí, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Òkúta kan ṣoṣo sì tún lè ní texture méjì mẹ́ta, ti àwọ̀ lọ́tọ̀, normal map, èyí tó ń jẹ́ kí ojú nǹkan rí gbágungbàgun, lọ́tọ̀. Tí VRAM bá ti kún, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù sínú RAM, ọ̀nà tó wà láàárín RAM àti káàdì ò sì yá tó VRAM, ìyẹn lẹ fi máa yíjú wo ẹ̀yìn tí géèmù á dúró gbagidi kó tó máa lọ.

Nítorí náà mo pín in. Òkè, ilẹ̀ àti ojú èèyàn gba 2K torí àwọn là ń wò jù, ṣíbí, abọ́, àgbá àti gbogbo ìranù orí tábìlì gba 1K, lórí 1080p ta ló fẹ́ mọ̀? Àwọn tó ṣe mod sábà máa ń gbé 2K àti 1K sílẹ̀ fún dáńlóòdù, èyí tó bá jẹ́ 4K nìkan, mo fi ẹ̀dà ẹ̀ sínú Cathedral Assets Optimizer, ó bá mi gé e kúrú.

Ti plugin, fáìlì tó ń sọ ohun tí mod yí padà fún géèmù, ò gba àkókò. Ètò LOOT tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra, èyí tó kéré mo fi ètò SSEEdit sọ ọ́ di ESL, irú plugin fífúyẹ́, torí plugin gidi ò lè kọjá 254, ESL lè tó 4096. Kò sọ géèmù di kánmọ́kánmọ́ o, àyè ló kàn ń fún yín.

Bí mo ṣe dán an wò ni pé mo máa tan mod díẹ̀, kí n lọ sínú igbó Falkreath níbi tí igi ti pọ̀, kí n sáré gba ọ̀nà kan náà, kí n wá ṣí Task Manager wo iye VRAM tó ti lọ. Tó bá ti ń sún mọ́ GB 1.8, mod tó wọlé kẹ́yìn gbọ́dọ̀ di 1K tàbí kó jáde. Ṣùgbọ́n mod tó bá ní script, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ láàárín save tẹ́ ẹ ti ń gbá lọ, save yẹn lè bàjẹ́ pátápátá, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi save tí mi ò nílò dán gbogbo ẹ̀ wò.

Koríko àti òjìji ló kù, ìyẹn ò kan VRAM tó bẹ́ẹ̀, frame, iye àwòrán tí géèmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n ń jẹ. Mo gbé iMinGrassSize láti 20 lọ sí 60 nínú Skyrim.ini, koríko fẹ́lẹ́, mo sì sọ iShadowMapResolution di 1024 nínú SkyrimPrefs.ini. Òjìji ń rí wúruwùru tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀ jàre.

ENB, àfikún tó ń tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ géèmù ṣe, ni mi ò gbà wọlé rárá. Mo ṣáà ní profile kejì, ìyẹn àkójọ mod mìíràn, nínú Mod Organizer tí texture 4K kún inú ẹ̀, ti àwòrán yíyà nìyẹn, géèmù máa ń wọ́ tuurutu níbẹ̀, àmọ́ ta ló ń jà nínú àwòrán?