Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń wá oúnjẹ Ìlú Ọba ní Amẹ́ríkà

Ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Peckham tàbí Woolwich ní London kó tó kó lọ sí Houston tàbí Maryland, àárò ìlú méjì ló ń sọ ọ́. Ti ilé rọrùn láti pa: gàrí, ẹ̀lùbọ́, irú, ṣàkì, gbogbo rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. Ti Ìlú Ọba ló máa ń fa wàhálà. Ó ń wá tíì tí wàrà kò lè borí, ó ń wá bíìnsì inú agolo tí wọ́n ń dà sórí búrẹ́dì yíyan láàárọ̀ Sátidé, ó ń wá Ribena fún àwọn ọmọ. Á wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá, á rí orúkọ tó mọ̀ dunjú lára páálí, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó. Tó bá délé tó tọ́ ọ wò, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ o. Orúkọ ló rà. Kò wo ẹni tó ṣe é, kò sì wo ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ra orúkọ

Ẹ jẹ́ ká ti orí ṣokoléètì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń bí èèyàn nínú jù. Lọ́dún 1988 ni Hershey, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ará Amẹ́ríkà, ra iṣẹ́ ṣokoléètì Cadbury tó wà ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé Hershey ló láṣẹ láti ṣe Cadbury tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọ̀rá aláwọ̀ àlùkò tí ẹ mọ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀, wọn ò yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà padà. Àmọ́ ẹ yí i sẹ́yìn kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tó pọ̀ jù ni òfin ní kí wọ́n kọ ṣáájú. Lára Dairy Milk ti Ìlú Ọba, wàrà ló ṣáájú. Lára ti Amẹ́ríkà, ṣúgà ni. Ẹnu yín kò tàn yín jẹ. KitKat náà rí bẹ́ẹ̀: Nestlé ló ń ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ ní London, Hershey ló ń ṣe ti Amẹ́ríkà.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló dé tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kò kúkú kó ti Ìlú Ọba wọlé. Wọ́n ń kó o tẹ́lẹ̀. Hershey gbé ilé iṣẹ́ kan tó ń kó o wọlé lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ náà gbà pé òun ò ní kó Cadbury tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè wọlé mọ́, òun ò sì ní kó ṣokoléètì Yorkie àti Toffee Crisp ti Nestlé wọlé mọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ẹ rà á, kí ẹ má béèrè ìtàn. Cadbury ti Kánádà kì í ṣe ti Hershey. Ilé iṣẹ́ Mondelez ló ń ṣe é ní Toronto. Ẹni tó ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀ lè bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má retí pé adùn rẹ̀ á bá ti London mu pátápátá.

Ọ̀rọ̀ bíìnsì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ará Amẹ́ríkà ni Heinz, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíìnsì Ìlú Ọba, látilẹ̀wá, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1869. Síbẹ̀ bíìnsì tí wọ́n ń jẹ ní Amẹ́ríkà dùn bí ìpápánu, torí ṣúgà pupa ni wọ́n ń rọ́ sí i, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má kàn ju agolo sínú kẹ̀kẹ́ ọjà torí pé ẹ rí orúkọ bíìnsì lára rẹ̀. Ti Ìlú Ọba, ọbẹ̀ tòmátì ló wà nínú rẹ̀, agolo rẹ̀ sì ní àwọ̀ tó wà láàárín búlúù àti ewé. Àríwá Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà funfun yẹn ti ń wá. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Wigan ní Ìlú Ọba, wọ́n sè é níbẹ̀, wọ́n tún gbé e padà wá bá yín ní ìlọ́po owó. Tó bá jẹ́ pé bíìnsì nìkan lẹ̀ ń wá, ẹ ra ẹ̀wà funfun lásán, kí ẹ fi tòmátì, ṣúgà díẹ̀ àti kíní kíkan díẹ̀ sè é. Owó tó bá kù, ẹ fi ra tíì.

Tíì Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù, yìnyín ni wọ́n fẹ́ fi mu ún, kò le tó láti gba wàrà. Tó bá jẹ́ Tetley lẹ rí, ẹ wo ara páálí bóyá wọ́n kọ “British Blend” síbẹ̀. Èyí tí wọn ò kọ ọ́ sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì gbé kẹ́tù oníná yín dání láti London. Iná Ìlú Ọba jẹ́ volt 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Kẹ́tù náà kò ní jóná, àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ni yóò máa lò, ẹ ó jókòó tì í títí omi á fi ṣe bí ẹni fẹ́ hó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì

Kéèkì ò mọ̀ pé ẹ ti kó kúrò ní London. Fúláwà tí wọ́n pè ní “self-rising” ní Amẹ́ríkà ti ní iyọ̀ nínú, ti Ìlú Ọba kò ní. Ẹni tó bá tún fi iyọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀ á gbé kéèkì oníyọ̀ lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ ra fúláwà lásán, kí ẹ fi ṣíbí tíì méjì báékìn páúdà sí gíráàmù 150 rẹ̀. Ìyẹn kì í já èèyàn kulẹ̀.

Ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí ẹ fi ń ki ọbẹ̀ ní London, tí wọ́n kọ “cornflour” sí lára, “cornstarch” ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá mú èyí tí wọ́n pè ní “corn flour” ní Amẹ́ríkà, àgbàdo tí wọ́n lọ̀ lódindi lẹ mú yẹn, á sì fi ọbẹ̀ yín ṣe ẹlẹ́yà. Ṣúgà “caster” ni wọ́n ń pè ní “superfine”. Ọ̀rá wàrà tó nípọn, “double cream”, kò ní arọ́pò gidi: ti Ìlú Ọba ní ọ̀rá tó tó ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún, “heavy cream” ti Amẹ́ríkà lè má ju ìdá 36 lọ. Ó ń lù pọ̀, ó sì ń wú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dà á sórí nǹkan gbígbóná, á ṣàn lọ.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ

Lójú tèmi, àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù lọ nìyí. Kété tí wọ́n bá ní àwọn ń wá nǹkan Ìlú Ọba, ṣọ́ọ̀bù tó fi àsíá Ìlú Ọba kọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á sáré lọ, níbi tí páálí bisikíìtì kan ti ń ná èèyàn ní owó oúnjẹ ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n ń wá wà ní ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà àti ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti ń ra iṣu.

Ẹ wo Ribena, ohun mímu tí wọ́n ń fi èso blackcurrant ṣe. Tí ẹ bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá, á máa wò yín ni. Lọ́dún 1911 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin de igi blackcurrant, torí àrùn kan tó máa ń ti ara rẹ̀ ran igi páìnì funfun, èyí tí wọ́n ń là fún pákó. Ọdún 1966 ni wọ́n tó yọwọ́ lọ́rọ̀ náà, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe fẹ́. New York kò ṣí i sílẹ̀ títí di 2003. Ìran ọ̀pọ̀ ló dàgbà láì mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Lójú tiwọn, ohunkóhun tó bá ní àwọ̀ àlùkò, èso àjàrà ni. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, Ribena àti Lucozade wà lórí pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà, kò sì fi gbogbo ara jọ ti London. Kí ẹ tó sọ pé ti ilé kò dára tó, ẹ rántí pé Lucozade tí ẹ mọ̀ ní kékeré kò sí ní London fúnra rẹ̀ mọ́: lọ́dún 2017 ni wọ́n gé ṣúgà inú rẹ̀ kù, kí owó orí ṣúgà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018 má bàa kàn án.

Bournvita ti Ìlú Ọba ńkọ́? Ẹ má wá a. Ọdún 2008 ni wọ́n ti pa á tì níbẹ̀. Nàìjíríà àti Íńdíà ló ṣì ń ṣe é, ti olúkúlùkù sì ní adùn tirẹ̀, ẹ tọ́ méjèèjì wò. Àwọn ará Íńdíà ni yóò tà yín ní Horlicks, àwọn náà ló sì ní tíì tó le débi pé wàrà ń bẹ̀ ẹ́, ní owó tí kò tó ìdajì ti páálí tó ti London wá. Bird's Custard, èyí tí Alfred Bird ṣe ní Birmingham lọ́dún 1837 torí pé ìyàwó rẹ̀ kò lè jẹ ẹyin, ìyẹ̀fun àgbàdo tó ní àwọ̀ àti òórùn dídùn ni. Kọ́sítádì Checkers tí ẹ fi ń jẹ àkàrà kò jìnnà sí i rárá. Ẹ fi wàrà pò ó, kí ẹ fi ṣúgà sí i, kí ẹ dà á sórí kéèkì gbígbóná. Àlejò ò ní mọ̀.

Ti àwọn ohun mímu, ọ̀rọ̀ kan péré: “cider” ní Amẹ́ríkà, omi ápù lásán ló sábà máa ń jẹ́, èyí tó ní ọtí nínú ni wọ́n ń fi “hard” sí níwájú.

Èyí tí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, àti èyí tó wà nínú báàgì

Ọ̀pọ̀ ló ṣì rò pé nǹkan tí owó rẹ̀ kò bá tó $800 ń wọlé láìsan owó ẹnubodè. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà ti dá ìyẹn dúró. Ẹ béèrè iye tí yóò jẹ́ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì ní kí wọ́n fi ṣokoléètì ránṣẹ́ sí Texas nínú oṣù keje. Ohun tí ẹ máa gbà, ṣíbí lẹ máa fi jẹ ẹ́.

Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti London, tíì, bisikíìtì àti ṣokoléètì kò léwu. Ohun tó ní ẹran nínú ni kí ó fi sílẹ̀: sọ́séèjì, páì ẹlẹ́dẹ̀, Bovril tí omi ẹran màlúù wà nínú rẹ̀. Haggis, oúnjẹ Scotland tí wọ́n ń fi ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn sè, gbàgbé òun náà. Láti 1971 ni Amẹ́ríkà kò ti gba ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn láyè fún oúnjẹ. Kódà ẹyin ṣokoléètì Kinder Surprise, tí ohun ìṣeré wà nínú rẹ̀, tí ẹ fẹ́ mú wá fún ọmọ àbúrò yín, òfin 1938 kan tó ní kí ohun tí kò ṣe é jẹ má sí nínú ohun àdídùn ló dè é. Ohunkóhun tó bá jẹ́ oúnjẹ, kí ó kéde rẹ̀ fún aṣọ́bodè bó ti wù kó kéré mọ, torí wọ́n ní ajá kéékèèké tó ń rìn láàárín báàgì, tí yóò sì jókòó wọ̀ǹ níwájú èyí tó bá ní ẹran. Ajá yẹn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín sọ́séèjì London àti pọ̀nmọ́ Ìbàdàn.