Bí ẹ ṣe máa ṣòfin kíláàsì autocross tí èèyàn ò fi ní sá lọ

Corolla 2005 kan wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ pín mọ́tò sí kíláàsì fún eré ìje, ṣé àárín àwọn mọ́tò tí wọn ò tún ṣe ló máa wà, àbí àárín àwọn tí wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n tún tò? Ìbéèrè yìí nìkan tó láti gba gbogbo ọ̀sán Sátidé mọ́ wa lọ́wọ́. Aláímẹ́ǹtì àti báláǹsì ni iṣẹ́ mi, ní títì Ọ̀dà l'Ákùúrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn mọ́tò máa ń péjọ sí, ọ̀rọ̀ autocross ló sì wà lẹ́nu wọn. Èmi náà fẹ́ kó ṣeé ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá a sílẹ̀, ìbáà ṣe l'Ákùúrẹ́, l'Óǹdó tàbí l'Ọ́wọ̀, òun ni mo kọ èyí fún.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí, eré yìí kò kan títì rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò sá eré ìje lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà, kó má bá wa wá. Ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n fi kọnkéré tàbí ọ̀dà sí ni ẹ máa wá, ẹ óò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ óò to kóònù sílẹ̀, mọ́tò kọ̀ọ̀kan á sì wá gba àárín rẹ̀ kọjá, aago ni wọ́n ń bá díje. SCCA, ẹgbẹ́ eré mọ́tò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1944, ló ń pe tiwọn ní Solo. Kóònù kan tí o bá gbá, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò rẹ. Bí o bá ṣìnà, eré yẹn ò kà. Ẹ má jẹ́ kí ipa ọ̀nà yín sún mọ́ òpó, ògiri tàbí igi ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ.

Kí ẹ tó kọ òfin kankan, ẹ ka orí ná. Nínú autocross, àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń ṣiṣẹ́ orí pápá. Bí ìdajì bá ń sáré, ìdajì yòókù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kóònù láti gbé èyí tó ṣubú dìde. Ká sọ pé ogún èèyàn wá. Mẹ́wàá á sáré, mẹ́wàá á ṣiṣẹ́: méjì-méjì ní igun mẹ́rin, ẹnì kan nídìí aago, ẹnì kan níbi tí mọ́tò ti ń gbéra. Ó pé géérégé. Wàyí o, ẹ ṣe òfin kan tó mú kí mẹ́fà sọ pé àwọn ò ní wá mọ́. Méje-méje ló kù, igun kan ò sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ kíláàsì jẹ́ ti ẹni tó máa gba ife nìkan. Ẹni tó ń kẹ́yìn pẹ̀lú Camry ilé rẹ̀ ló ń gbé kóònù fún ẹni tó ń ṣáájú.

Nítorí náà, kíláàsì méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ lè fi ti àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ẹ̀kẹta. Mo ń pe àkọ́kọ́ ní Bó Ṣe Wà, èkejì ní Títúnṣe. Kíláàsì ti àwọn Amẹ́ríkà pọ̀ jáǹrẹrẹ nítorí pé èrò tiwọn náà pọ̀. Bí ẹ bá fi ogún èèyàn sí kíláàsì mẹ́sàn-án, ẹni mẹ́sàn-án á gba ipò kìíní, kò sì ní dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Bó Ṣe Wà ni ìjà máa ń wà. Ìlànà kan ni kí ẹ mú lára òfin SCCA: ohun tí ìwé ò bá sọ pé ẹ lè ṣe, ẹ ò lè ṣe é. Àwọn gba kí èèyàn pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti bíréèkì páàdì. Èyí bá wa mu, nítorí títì wa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n òfin wọn tó dá lórí sàléńsà, pé ẹ̀yìn kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́, ni àyípadà ti lè bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn mọ́tò wa ni kátálíìsì ṣì wà lára rẹ̀?

Ní ti Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ 1ZZ ló bá Corolla yẹn wá, tí 1ZZ mìíràn sì rọ́pò rẹ̀, Bó Ṣe Wà ni, ibi yòówù kí wọ́n ti rà á. Bí ó bá jẹ́ 2ZZ tí wọ́n yọ lára Matrix XRS ni, Títúnṣe ni kó lọ, nítorí agbára ẹṣin bí 130 ló kúrò níbẹ̀, bí 170 ló wọlé. Jíìpù àti bọ́ọ̀sì gíga ò gbọdọ̀ sáré rárá, wọ́n lè dojú dé. Mọ́tò kékeré tí wọ́n ti fi rọ́bà gbé kọ́ìlì rẹ̀ ga, kí ẹni tó ni ín yọ rọ́bà náà kó tó wọ pápá. Èyí ò sí lára ohun tí à ń jiyàn lé.

Táyà ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí TREADWEAR àti nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ; táyà eléré tó ń di ilẹ̀ mú gan-an ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń kéré. SCCA ò gba ohun tó bá kéré sí 200 ní kíláàsì Street wọn, tó jọ Bó Ṣe Wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tó ń kọjá lọ́wọ́ mi ju 300 lọ, nítorí náà òfin yìí ò lé ẹnikẹ́ni lọ, ó kàn dènà olówó tó fẹ́ fi táyà eléré ra ipò kìíní. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tòkunbọ̀ tó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, èmi ò ní jẹ́ kó sáré, bó ti wù kí ara rẹ̀ dán tó.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ mọ ẹni tó mọ mọ́tò wà jù lọ nínú gbogbo yín, ẹ fi nọ́ńbà kan sọ àkókò kíláàsì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ń pe ìyẹn ní PAX. Ẹ jẹ́ ká fi 0.80 fún Bó Ṣe Wà, ká fi 0.88 fún Títúnṣe, fún àpẹẹrẹ. Corolla sá ìṣẹ́jú àáyá 48.20, ó di 38.56. BMW tí wọ́n tún ṣe sá 44.10, ó di 38.81. Corolla ló borí.

Ó wá ku àríyànjiyàn fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ eré. Ẹni tó bá fẹ́ yí òfin padà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọ mọ́tò tí ó máa kàn sí abẹ́ rẹ̀. Bí SCCA ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á tẹ àbá jáde nínú Fastrack, ìwé ìròyìn wọn olóṣooṣù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Nípàdé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti lanu, àbúrò ò ní fẹ́ ta kò ó, ẹ ò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ó fi máa dẹ́kun wíwá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ̀ wà nílẹ̀ lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kó má dìbò. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ọdún tó ń bọ̀ ni kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀sùn kan mọ́tò ẹlòmíràn lọ́jọ́ eré, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí eré bá parí, kó sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jàre, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ gba ẹni méjì láàyè láti wa mọ́tò kan, torí ọ̀pọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà ni kò ní tiẹ̀; ìyàwó lè fi Corolla ọkọ rẹ̀ sáré, kó sì borí ọkọ náà. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà, okùn bátìrì àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tẹ òfin náà sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì tí ẹ ti ń kọ orúkọ.