Bí a ṣe ń ka pàṣípààrọ̀ kúrómátíìdì ìbejì nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n ní agbègbè Ìkọ̀lé ń ba DNA wọn jẹ́, ọ̀nà kan ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn, kí a ka iye ibi tí kúrómátíìdì ìbejì (ẹ̀dà méjì tí kúrómósómù, ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì, máa ń ní kí sẹ́ẹ̀lì tó pín) ti ṣe pàṣípààrọ̀ abala ara wọn, kí a sì fi wé ti àwọn tí kì í fọ́n oògùn.

Ìgò tó ní heparin, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sí. EDTA, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò dára, torí ó ń de calcium mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí calcium PHA (èròjà tó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí) kò lè jí lymphocyte (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀) láti pín. Ẹ da ẹ̀jẹ̀ 0.5 ml sínú 4.5 ml RPMI 1640 (omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì) tó ní serum màlúù 15%, PHA àti oògùn tó ń pa bakitéríà (antibiotic), kí ẹ gbé e sí incubator ní 37°C fún wákàtí 72. Kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ so incubator mọ́ inverter. Bí iná bá lọ lóru, tí ìgò tutù, sẹ́ẹ̀lì á falẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní pín lẹ́ẹ̀mejì.

Ní wákàtí 24, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi BrdU sí i kó jẹ́ 10 µM; èròjà yìí ń wọ inú DNA tuntun, òun ló sì ń jẹ́ kí a lè fi àwọ̀ mọ kúrómátíìdì ìbejì yàtọ̀ síra bí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fi kún un nítorí kí àwọ̀ lè yọ: BrdU fúnra rẹ̀ ń dá pàṣípààrọ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà yìí lọ, òkùnkùn ni. Ibí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. DNA tó ti gba BrdU sára máa ń já bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, pàṣípààrọ̀ á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó ṣí ìgò wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìbàjẹ́ tó ń wá sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ìgò àgbẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀, kí ti àwọn yòókù má rí i; àbájáde á dùn ún wò, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Fóìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín tó. Ẹ we é ní ìlọ́po méjì, títí kan ìdérí. Ẹ bo fèrèsé, gílóòbù pupa kékeré kan ni kí ẹ tàn. Iná fóònù náà, ìmọ́lẹ̀ ni.

Kó ku wákàtí méjì kí 72 pé, ẹ fi Colcemid sí i kó jẹ́ 0.1 µg/ml, kó lè dá sẹ́ẹ̀lì dúró níbi tó ti ń pín. Lẹ́yìn náà KCl (omi iyọ̀ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì wú) 0.075 M fún ìṣẹ́jú 15, methanol mẹ́ta sí acetic acid kan lẹ́ẹ̀mẹta kí sẹ́ẹ̀lì lè dúró bó ṣe wà, kí ẹ kán an sórí síláìdì tútù. Ẹ fi síláìdì sínú àpótí dúdú di ọjọ́ kejì.

Ìsinsìnyí la wá mọ̀ọ́mọ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì ti kú: kúrómátíìdì tí BrdU wà lára okùn rẹ̀ méjèèjì á já ju èkejì lọ, Giemsa, àwọ̀ tí a fi ń kun síláìdì, kò sì ní mú un dáadáa. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Perry àti Wolff ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1974. Hoechst 33258 (àwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ DNA), 5 µg/ml, ìṣẹ́jú 15; ẹ ṣàn án, ẹ kán 2×SSC (omi iyọ̀) sí i, ẹ fi coverslip bò ó, kí ẹ gbé e sábẹ́ iná UV 365 nm. Oòrùn ọ̀sán Adó lè ṣe é, àmọ́ ọyẹ́ máa ń dín agbára rẹ̀ kù, nítorí náà ẹ fi síláìdì kan dán an wò kí ẹ tó kó ìyókù síta. Kò gbọdọ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, 2×SSC ní 60°C fún wákàtí kan, Giemsa 5% ní pH 6.8 fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Bí gbogbo kúrómósómù bá dúdú ní síláìdì gbogbo, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bá dúdú, tí àwọn mìíràn ní èyí tó dúdú àti èyí tó ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn tó dúdú yẹn pín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ka 50 sẹ́ẹ̀lì tó pín lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kúrómósómù 46 rẹ̀ pé. Pàṣípààrọ̀ ní ìpẹ̀kun jẹ́ ọ̀kan. Abala àárín tó yí àwọ̀ padà jẹ́ méjì. Ní ibi tí kúrómátíìdì méjèèjì ti so pọ̀, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe pé wọ́n kàn lọ́ mọ́ra.

Ẹ fi mitomycin C, oògùn tí a mọ̀ pé ó ń ba DNA jẹ́, sí ìgò kan kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń ríran. Sìgá ń gbé iye náà sókè, nítorí náà amusìgá ni kí ẹ fi wé amusìgá. Ẹ fi nọ́ńbà bo orúkọ, kí ẹnì kan ṣoṣo sì ka síláìdì ìhà méjèèjì.